Ọwọ́ Àlàáfíà

Ibì kan náà ni ó máa ń já sí. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ, nítorí bí ẹ bá bi ọkọ mi, á ní irọ́ ni. Gbogbo ìgbà tí gíláídà rẹ̀ bá fẹ́ bàlẹ̀ sórí pápá ilé ìwé tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló máa ń já sí, nínú oko ẹ̀gẹ́ ìyá kan tí ààlà rẹ̀ bá pápá náà pàdé. Afẹ́fẹ́ lè ti iwájú wá, ó lè ti ẹ̀yìn wá. Òjò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ọyẹ́ lè mú. Oko ẹ̀gẹ́ ni.

Gíláídà ni ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Tiwa yìí kò gbé ènìyàn o, rìmóòtù ni a fi ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀. Fóòmù ni wọ́n fi ṣe é, ìyẹ́ rẹ̀ sì gùn tó apá mi méjèèjì tí mo bá nà wọ́n. Àkọ́bí wa tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nígbà tí bàbá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Físíìsì ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹni tó ti ń ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń já bọ́ látòkè láti ìgbà èwe rẹ̀, ẹ ò rí i pé ó yẹ kó mọ bí a ṣe ń gbé nǹkan bàlẹ̀ jẹ́jẹ́?

Ẹ má wò ó pé "ó" ni mo ń pe ọkọ mi nínú ìwé yìí. Lójú rẹ̀, Dádì ni mo ń pè é, "ẹ" ni, "yín" ni, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ìyá mi. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn. Bí mo bá ní kí n máa fi "wọ́n" sọ ọ́, inú mi kò ní rọ̀, ìwé yìí náà kò sì ní parí.

Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ohun ìṣeré nìkan ni, n kì bá bínú tó báyìí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ọwọ́ tó ń gbé gíláídà wọ oko ẹ̀gẹ́ yìí náà ló ń wa mọ́tò tí mo ń jókòó sí. Sátidé sí Sátidé la máa ń lọ wo ìyá mi ní Ọ̀rùn-Èkìtì. A ó gba Ìsẹ̀ kọjá, èmi àti òun níwájú, àwọn ìyá ìjọ tó bá ń lọ sọ́nà ibẹ̀ á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á máa gbàdúrà fún un pé Olúwa yóò san án fún un. Èmi náà mọ mọ́tò wà. Láísẹ́ǹsì mi wà nínú báàgì mi. Kọ́kọ́rọ́ ni kò sí lọ́wọ́ mi. Àwíjàre rẹ̀ ni pé mo máa ń tẹ bíréèkì jù, pé mọ́tò tí obìnrin bá ń tẹ bíréèkì rẹ̀ ní gbogbo ìgbà kì í pẹ́ darúgbó. Mo ti ń gbọ́ ìyẹn láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú.

Báyìí ni a ṣe ń fi gíláídà náà fò. Rọ́bà gígùn kan wà tí a kàn mọ́lẹ̀ ní òpin pápá. Èmi ni mo máa ń fà á wá, nítorí pé òun ni ọ̀gá awakọ̀, ọ̀gá awakọ̀ kì í fa rọ́bà. A ó fi ìkọ́ abẹ́ gíláídà kọ́ ọ, mo sì máa jọ̀wọ́ rẹ̀, á ta sókè bí òkò kànnàkànnà, á wá máa rà bàbà lókè láìpariwo. N kò purọ́, ó máa ń wù mí wò. Ẹ ó rí àwọn òkúta ńlá Ìkẹ́rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí ojú sánmà, ẹ ó fẹ́ràn ọkọ yín fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni yóò ní òun fẹ́ gbé e bàlẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ kò ṣòroó yé. Bí gíláídà bá ń lọ kúrò lọ́dọ̀ rẹ, ọ̀tún rẹ̀ ni ọ̀tún rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹ́rí padà tó ń bọ̀ wá bá ọ, ọ̀tún rẹ̀ ti di òsì rẹ, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá kojú síra wọn. Ibẹ̀ ni ọwọ́ awakọ̀ ti máa ń dàrú. Ọgbọ́n tí wọ́n ń ta sí i ni pé kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn awakọ̀, kó máa pe ẹ̀gbẹ́ tí ìyẹ́ tó rẹlẹ̀ bá wà, kí awakọ̀ ti ọ̀pá rìmóòtù sí ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an, ìyẹ́ náà á sì gbéra. Bí a bá pe ọ̀tún, kó ti í sí ọ̀tún. Bí a bá pe òsì, kó ti í sí òsì. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo kọ́ nígbà ayé iṣẹ́ mi lè ṣe é.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ó ní kí n máa pe ẹ̀gbẹ́ fún òun, gíláídà ń bọ̀, ìyẹ́ òsì rẹlẹ̀, mo ké pé, "Òsì!" Ọkọ mi gbé ojú kúrò lójú ọ̀run, ó yíjú sí mi, ó ń wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Gíláídà wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ níbi tí ó ti ń wò mí. Ìgbà tí a ń lọ fà á yọ ló tó ṣàlàyé. Ó ní bàbá òun kò gbà kí a pe ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé wọn. Ó ní òsì àti òṣì, àmì kékeré kan ló wà láàárín wọn, bí afẹ́fẹ́ bá sì gbé àmì náà lọ ńkọ́? Ó ní a kì í pe òsì sí nǹkan tó wà lókè tí a fẹ́ kó sọ̀ re. Mo ní kí ni kí n wá máa pè é. Ó ní ṣé bí ọwọ́ ọ̀tún ènìyàn kò bá ráyè, tó fi ọwọ́ kejì mú nǹkan fún àgbà, kì í ṣe "ẹ má bínú, ọwọ́ àlàáfíà ni" ló máa ń sọ? Àlàáfíà ni kí n máa pè.

Onísáyẹ́ǹsì mi nìyẹn.

Ẹ fi ẹnu yín pè é wò. Òsì, ó ti tán lẹ́nu. À-là-á-fí-à. Kí n tó dé "fí," ewé ẹ̀gẹ́ ti ń mì. Mo sọ fún un. Ó ní ṣe ni kí n tètè máa bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe di alálàáfíà Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ ohùn mi láti pápá: "Àlàáfíà! Àlàáfíà! Dádì, àlàáfíà!" Àwọn tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà á dáhùn pé, "Àmín." Bàbá kan tó máa ń ti oko bọ̀ nírọ̀lẹ́ a máa ṣí fìlà, a ní kí Olúwa jẹ́ kó bá wa kalẹ́. Àwọn obìnrin ìjọ wa kan wá bá mi lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé èmi àti bàbá ti dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀ lórí pápá, àwọn fẹ́ mọ àsìkò tí a ń bẹ̀rẹ̀ kí àwọn lè wá.

Ìyá tó ni oko ẹ̀gẹ́ kò bá wa ṣe àmín ní tiẹ̀. Ó ti dàgbà, ó ti sin ọkọ, ẹ̀gẹ́ yẹn ló ń sọ di gàrí tó ń jẹ, tó ń tà. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igi ẹ̀gẹ́ mẹ́ta tí imú gíláídà ti dá láàárín, ó tò wọ́n sílẹ̀ níwájú mi bí ẹni tó gbé òkú wá.

Ó fi ẹnu Èkìtì tó ń pe ilẹ̀ ní ulẹ̀ bi mí pé, "Ulẹ̀ mélòó ló wà nílùú yìí, tó fi jẹ́ ulẹ̀ mi nìkan ni ẹyẹ ọkọ rẹ mọ̀?"

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi wà nínú pálọ̀, ó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹ́ tó ya, ó ní kí n sọ fún wọn pé afẹ́fẹ́ ni. Ó ní afẹ́fẹ́ tó ń ti ara òkúta bọ̀ máa ń yí lójijì tó bá dé orí oko yẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní oòrùn ni. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ariwo mi ni. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀gẹ́ gan-an ló dá lẹ́bi, ó ní ewé rẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra. Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ̀gẹ́ ọwọ́ ọ̀tún tó wà lẹ́yìn ilé ìgbẹ́ ilé ìwé kì í fa tiẹ̀. Ó ní kí n lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Ọ̀gbẹ́ni aláwọ̀ funfun kan wà tí ọkọ mi máa ń wò lórí fóònù rẹ̀, tó ń kọ́ni ní gíláídà. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ kan. Ọ̀gbẹ́ni náà ní bí gíláídà bá fọ́ níbi tó ti ń bàlẹ̀, kí a má wulẹ̀ wá ẹ̀sùn lọ sọ́dọ̀ afẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé àṣìṣe awakọ̀ ni. Mo ní kí ọkọ mi dá a padà sẹ́yìn kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó pa fóònù. Ó ní òyìnbó yẹn kò mọ afẹ́fẹ́ Ìkẹ́rẹ́.

Èmi kò mọ afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ilé mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Ife tí mo bá gbé sí ẹ̀gbẹ́ òsì àwo rẹ̀ lórí tábìlì, ó di dandan kó dà á nù. Èjìká òsì rẹ̀ ń gbá férémù ilẹ̀kùn. Dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò wa tó wà lọ́wọ́ òsì, òpó géètì ti gbá a dànù lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní géètì ni wọ́n kọ́ sún mọ́ ọ̀nà jù. Géètì tí òun fúnra rẹ̀ dúró tì bíríkìlà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìkíni. Àgbà kan ní àdúgbò wa ránṣẹ́ sí mi pé kí ni àwọn ṣe fún ọkọ mi. Wọ́n ní àwọn jókòó sí ẹnu ọ̀nà àwọn, ọkọ mi kọjá, kò kí àwọn. Wọ́n ní ó ṣe bẹ́ẹ̀ lánàá, ó ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí, ṣé owó ìfẹ̀yìntì ló ti gun orí rẹ̀. Ọkọ mi tí í dọ̀bálẹ̀ kí ẹni tó fi ọdún kan jù ú lọ! Mo sáré lọ bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ ni mo wo ẹnu ọ̀nà àgbà náà dáadáa. Bí ènìyàn bá ń ti ilé wa lọ sí ìta, ọwọ́ òsì ni ẹnu ọ̀nà yẹn wà.

Mo délé, mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ojú yín wò ní Adó."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun tí òun ń ka Bíbélì láìlo awò? Ó gbé Bíbélì, ó kà á níwájú mi bí ọmọ tó fẹ́ gba ẹ̀bùn. Ó ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú tòun sì ń ṣọ́ orí òun. Mo ní kó fi ọwọ́ bo ojú kan kó tún kà á. Ó ní òun kì í bá obìnrin ṣeré ọmọdé. Mo bínú débi pé mo jáde lọ jókòó sórí àpáta ẹ̀yìn ilé. Kì í ṣe pé kò gbọ́n. Bí kò bá gbọ́n, ǹ bá fi í sílẹ̀. Ó gbọ́n tó fi mọ bí yóò ṣe fi ọgbọ́n ọ̀hún sá fún ohun tó mọ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ náà wá bá wa lójú ọ̀nà. A ti Ọ̀rùn ń bọ̀. Ìyá mi ti ní ká gbé uṣu, ìyẹn iṣu, sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n tún ti bá wa gbàdúrà. A kò gbé ìyá ìjọ kankan lọ́jọ́ náà, mo sì ń dúpẹ́ nítorí ìyẹn títí di òní. Gíláàsì wà nísàlẹ̀ nítorí ooru. A wọ Ìsẹ̀. Ọ̀nà kékeré kan já sí títì lọ́wọ́ òsì wa, ọ̀kadà kan sì ń ti ibẹ̀ jáde, ó gbé obìnrin kan tó di ọmọ sẹ́yìn. Ọlọ́kadà náà wò wá, ó rí i pé awakọ̀ kọjú síwájú, ó rò pé ó ti rí òun. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò rí i.

Mo lanu kí n pariwo. Ọ̀rọ̀ wo ló yẹ kó jáde? "Bíréèkì!" ni. "Dúró!" ni. "Jésù!" gan-an ì bá dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti mọ́ ẹnu mi lára láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tó jáde ni:

"Àlàáfíà!"

Ó ti mọ́ ọkọ mi náà lára. Bí mo bá ti pe àlàáfíà, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí òsì. Ó yí ìdarí mọ́tò sí òsì. Ó yí i sí ọ̀kadà yẹn gan-an.

N kò mọ bí ọlọ́kadà náà ṣe ṣe é. Ó já wọ inú òkìtì yanrìn tí àwọn akọ́lé kan kó sẹ́bàá ọ̀nà, òun àti obìnrin náà ṣubú sórí yanrìn, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ figbe ta. Mọ́tò wa dúró ní ìdojúkọ ògiri. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó dúró tán. Mo gbé ọmọ náà, mo yẹ orí rẹ̀ wò, mo yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, mo fi gèlè mi nu yanrìn lójú ìyá rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ló bó, bàtà kan ló sọnù, Ọlọ́run kò jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọlọ́kadà dìde, ó gbọn yanrìn kúrò lára, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo ti ń retí èébú. Kò bú mi. Ó wò mí lójú, ó ní, "Màmá, mo gbọ́ yín. Àlàáfíà lẹ pè. Ṣé bí àlàáfíà tiyín ṣe máa ń rí nìyí?"

Títí mo fi máa kú, n kò ní gbàgbé rẹ̀. Mo kàn ń tẹríba, mo ń bẹ̀bẹ̀.

Ìgbà tí mo padà dé ìdí mọ́tò, ọkọ mi ṣì di ìdarí mú. Kò dá afẹ́fẹ́ lẹ́bi. Kò ní mo pariwo. Ó wo ọ̀nà kékeré náà, ó ní láti yí gbogbo ọrùn kó tó rí i, ó sì bi mí pé, "Mọ́mì, níbo ló ti wá?"

Kì í ṣe àwíjàre. Ó ń bi mí ni, kò mọ̀ ní tòótọ́. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń tò jọ láti oko ẹ̀gẹ́ di ẹ̀rù lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo ní, "Ọwọ́ òsì ni."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní kí n má pe ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ ò ní gbà pé ọjọ́ Ajé tí a máa lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Adó, òun ló ní òun máa wa mọ́tò lọ. Sọ́dọ̀ dókítà ojú o! Ó ti wọṣọ, ó ti gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ó ń yẹ omi rédíétọ̀ wò. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún fẹ́ pa mí, èmi kò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe. Mo jáde síta, mo dá takisí dúró, mo jókòó sínú rẹ̀, mo sọ fún awakọ̀ pé kó ní sùúrù díẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó tẹ̀ lé mi. Láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Adó ni mo ń gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ń dún nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé wọ́n máa jí i.

Dókítà náà kéré sí àwọn ọmọ wa, ọmọ dáadáa, ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún ọkọ mi, ó na ìka sókè níwájú rẹ̀, ó ní kó ka iye tó rí. Ọkọ mi na ọrùn síwájú. Dókítà ní kó má kánjú. Ọkọ mi bi í bóyá ó ti na ìka náà. Mo yíjú sí ògiri, nítorí n kò fẹ́ kó rí ojú mi.

Lẹ́yìn tó ti fi ẹ̀rọ wò ó tán, dókítà ní ojú òsì ni àìsàn náà ti jẹ jù. Ó pè é ní òsì, kò fi àlàáfíà bò ó, mo sì rí bí èjìká ọkọ mi ṣe fò díẹ̀. Ó ní gilọkóómà ni, pé kì í dunni, kì í pọ́n lójú, ó kàn máa ń jí ẹ̀gbẹ́ ojú díẹ̀díẹ̀ ni, ojú kejì á sì máa ran ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́ kí olójú má bàa mọ̀. Èyí tó ti lọ kò ní padà. Ó ti ń bẹ̀rẹ̀ lára ti ọ̀tún náà, ṣùgbọ́n bí bàbá bá ń kán oògùn sí i láìdáwọ́dúró, èyí tó kù lè dúró. Ó wá bẹ̀ wá pé kí bàbá má wa mọ́tò mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni ọkọ mi bi í, bóyá ó ti pẹ́. Dókítà ní ó ti tó ọdún bíi mélòó kan. Ọkọ mi mi orí. Mo mọ ohun tó ń ronú. Ó ń ka àwọn igi ẹ̀gẹ́.

Ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí o. Ó ń kán oògùn rẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà ẹnu ọ̀nà ọjọ́sí, wọ́n fà á dìde, wọ́n jọ sunkún. Ó fún ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ní uṣu tí ìyá mi fún wa. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́, kò mẹ́nu bà á. Ní àràárọ̀, á lọ jókòó sínú mọ́tò nínú àgbàlá, á tan ẹ́ńjìnnì, á di ìdarí mú, á ní kí bátìrì má bàa kú ni. Ní Sátidé, èmi àti òun á kó sínú ọkọ̀ èrò lọ sí Ọ̀rùn, a ó há mọ́ àárín àpò gàrí àti adìyẹ ẹlòmíràn, mọ́tò tiwa á wà nílé tí ó ń jẹ eruku, láísẹ́ǹsì tèmi á wà nínú báàgì lórí itan mi, kọ́kọ́rọ́ á máa dún nínú àpò ọkọ mi. Ẹ sọ fún mi, irú kí leléyìí? Ìgbà mìíràn inú á bí mi débi pé n kò ní lè bá ìyá mi sọ̀rọ̀ tí mo bá débẹ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé ọkọ mi nà mí ni.

N kò béèrè kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wù mí bíi kí n yọ ọ́ lápò rẹ̀ nígbà tó bá sùn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ tí mo bá jí, mọ́tò ni yóò ṣí fún mi, kò ní ṣí ilé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, mo rí i tó gbé gíláídà tí ó ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ láti imú dé ìrù, ó ní kí n wá. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó fi sílẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo lọ fa rọ́bà. Lọ́jọ́ náà n kò dúró sẹ́yìn rẹ̀ bí tẹ́lẹ̀. Mo lọ dúró sí ọwọ́ òsì rẹ̀, níbi tí ojú rẹ̀ kò dé, mo sún mọ́ ọn tó fi jẹ́ pé apá wa ń kan ara wọn. Kò ní kí n kúrò. Ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ wà lóko rẹ̀, ó fi ọwọ́ lẹ́rán, ó ń retí àlejò rẹ̀.

Gíláídà gbéra, ó rà bàbà, ó ṣẹ́rí, ó ń bọ̀. Ìyẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀.

"Òsì," mo ní.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ìyẹ́ náà gbéra.

"Òsì. Òsì díẹ̀ sí i. Ọ̀tún. Ó tó, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

N kò pariwo, kò sídìí fún ariwo, etí rẹ̀ ló wà níbi ẹnu mi. Gíláídà sọ̀, ó fi ikùn kan koríko, ó rá lọ díẹ̀, ó dúró. Lórí pápá ni. Ìyá ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ wò ó, ó wò wá, ó ní ulẹ̀ òun á sinmi lónìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo rò pé ọkọ mi á fò sókè. Ó ṣáà ti ń wá ìbàlẹ̀ yẹn láti ọjọ́ tí àkọ́bí wa ti fi gíláídà náà ránṣẹ́. Kò fò. Ó dúró, ó ń wo gíláídà náà níbi tó wà, rìmóòtù wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ki ọwọ́ kejì bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, mo gbọ́ ìró tí mo ti mọ̀. Kò rí mi níbi tí mo dúró sí, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ náà sí ibi tó mọ̀ pé mo wà. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ló wà nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, má bínú. Ọwọ́ àlàáfíà ni."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.